Sísan Èlé Kì í Ṣe Sísan Gbèsè

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn. Èyí tí wọn kò fi kún un ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù, tí kò yẹ ọjọ́ rí, síbẹ̀ tí gbèsè rẹ̀ dúró gbọn-in síbi tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bẹ́gi dínà ẹlòmíràn, ọ̀nà ara rẹ̀ ló dí. Ìyá kan wà ní ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà nínú ipò yìí kí ojú rẹ̀ tó là. Aṣọ ló ń tà, Ìyá Aláṣọ sì ni gbogbo ọjà ń pè é. Orúkọ yẹn náà tó láti fi sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò mọ̀ pé agboolé tí kò ní ọmọ ní Côte d'Ivoire kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Láti ayé àwọn Faransé ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gba ibẹ̀ lọ ṣòwò, Ànàgó sì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí ojú irin tí àwọn Faransé ń tẹ́ láti Abidjan lọ sí òkè dé Bouaké ní ọdún 1912, ìlú tó wà láàrin ilẹ̀ àwọn Baoulé yìí di oríta ọjà. Ẹrù etíkun ń gòkè lọ, màlúù àti ọjà àwọn ará òkè ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ẹrù bá sì ti ń pàdé ẹrù, ọmọ Yorùbá kì í jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aláṣọ ṣe lọ bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, tó kọ́ èdè Dioula láàrin oṣù díẹ̀, tó sì gba ìsọ̀ kékeré kan nínú ọjà ńlá.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n kéde pé owó sẹ́fà ti wálẹ̀ sí ìdajì. Owó Faransé kan tí wọ́n ń fi sẹ́fà 50 rà di èyí tí wọ́n ń fi 100 rà, aṣọ tó ń ti òkèèrè wá sì gbówó lórí lọ́gán. Ní ọdún 1998, iná jó ọjà ńlá Bouaké, ìsọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ. Kò tíì gbéra nílẹ̀ tán tí ogun fi dé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, wọ́n fi ṣe olú ibùdó wọn, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì. Àwọn báǹkì ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn adigunjalè tilẹ̀ wọ ẹ̀ka báǹkì àpapọ̀ tó wà nílùú náà, wọ́n sì kó owó lọ. Títí di ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2007, ẹni tó bá fẹ́ yáwó ní Bouaké kò rí ilé ìfowópamọ́ gidi kan sá bá. Ọ̀dọ̀ ènìyàn bíi tirẹ̀ ni yóò lọ.

Ọ̀dọ̀ Bàbá kan ní àdúgbò Koko ni Ìyá Aláṣọ máa ń lọ. Ọmọ Yorùbá ni Bàbá náà, oníṣòwò àtijọ́ ni, kì í sì í pariwo. Ní ọdún 2004, nígbà tí ibà fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, òru ọ̀gànjọ́ ni Bàbá yìí jí, tó ka owó sí i lọ́wọ́ láìbèèrè ìwé, láìbèèrè ìdógò, láìpe onígbọ̀wọ́ kankan. Ọmọ náà yè. Irú oore bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, owó Bàbá, owó sọ́gùndógòjì ni. Sẹ́fà 10 ló ń gbà lórí 100, lóṣooṣù. Ẹni tó yá a lónìí tó san án láàrin oṣù kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun ni yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2013, Ìyá Aláṣọ yá 600,000 sẹ́fà lọ́wọ́ Bàbá láti fi kó aṣọ ní Lomé. Oṣù méjì ló rò pé òun yóò fi san án. Òjò ba ìdajì ẹrù náà jẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Èyí tó rí níbẹ̀, ọmọ tó wọ yunifásítì ló kó o lọ. Nígbà tó di òpin oṣù, kò sí 600,000, ṣùgbọ́n 60,000 wà tí yóò fi tu Bàbá lójú. Ó gbé e lọ. Bàbá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Oṣù tó tẹ̀lé e, ó tún gbé 60,000 lọ. Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí ọdún mẹ́ta fi pé, owó tó ti kó fún Bàbá ti di 2,160,000 sẹ́fà. Gbèsè rẹ̀ ńkọ́? 600,000 náà ni, sẹ́fà kan kò kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tójú Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni èyí. Nígbà àtijọ́, bí ẹnìkan bá yáwó, a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà yóò máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé ni. Kò dín owó kù. Bó ṣe ogún ọdún níbẹ̀, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò kà sílẹ̀ kó tó lè bọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe Ìyá Aláṣọ ní ìwọ̀fà lójú ọjà, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kí ni ìyàtọ̀? Ìsọ̀ tirẹ̀ ni, aṣọ tirẹ̀ ni, òun ló ń ṣí i láàárọ̀ tó ń tì í lálẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú gbogbo oṣù, oko Bàbá ló ń ro.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló la ọ̀rọ̀ náà yé e, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù ni, lọ́jọ́ ìsinmi kan ní ọdún 2016. Àbúrò yìí ń sọ bí gbèsè káàdì ṣe fẹ́ẹ́ yọ ẹ̀mí òun, àti bí òun ṣe rí ọ̀nà gbé e gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni mo kó gbèsè náà kúrò nílé olówó kan lọ sí ilé olówó mìíràn."

"Ṣé gbèsè ń kó kiri bí ayálégbé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí owó ilé bá pọ̀ jù níbì kan, ẹ ò ní í kó lọ síbi tó ti dínwó?"

Ìyá Aláṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun tún un sọ, kó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí nǹkan náà ṣe rí nìyí. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, káàdì kan wà tí báǹkì ń fún ènìyàn tó lè fi rajà láwìn. Bí olúwarẹ̀ kò bá san gbogbo rẹ̀ nígbà tó yẹ, èlé yóò máa gùn ún, èlé náà sì máa ń wúwo. Àwọn báǹkì mìíràn tó ń wá oníbàárà a wá kéde pé ẹni tó bá kó gbèsè káàdì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn kò ní gba èlé kankan lórí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Owó ìkógbèsè ni àwọn yóò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ 3 sí 5 nínú 100. Báǹkì tuntun yóò san gbèsè náà fún ti àtijọ́, olúwarẹ̀ yóò sì di ajigbèsè ẹni tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣírò wò ó. Ẹnìkan jẹ gbèsè 3,000 pọ́n-ùn lórí káàdì tó ń gba èlé 2 nínú 100 lóṣù. Bó bá ń san 172 pọ́n-ùn lóṣooṣù, yóò fẹ́ẹ̀ tó oṣù 22 kó tó bọ́, èlé nìkan yóò sì gba nǹkan bíi 725 pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kó gbèsè náà lọ sórí káàdì tí kò gba èlé fún oṣù 18, tó san 3 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí owó ìkógbèsè, 90 pọ́n-ùn péré ni gbogbo àfikún rẹ̀. 172 pọ́n-ùn kan náà lóṣù yóò parí gbèsè náà láàrin oṣù 18 yẹn. Owó kan náà ló ń ti àpò rẹ̀ jáde. Ibi tó ń lọ ló yàtọ̀.

Àbúrò yìí kò fi ẹ̀gún inú rẹ̀ pamọ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé tí gbèsè kò tíì tán, èlé gidi yóò bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó kù. Bí ènìyàn bá yẹ ọjọ́ sísan, báǹkì lè fagi lé oore náà. Ọjà tuntun tí a bá fi káàdì tuntun rà lè máa jẹ èlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Báǹkì kan náà kì í sábà gba gbèsè láti orí káàdì rẹ̀ kan sórí káàdì rẹ̀ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2009 kan tilẹ̀ ní irú ìdẹ̀ra bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí oṣù mẹ́fà, kí wọ́n má baà fi fa ènìyàn wọlé kí wọ́n sì yí i padà lójijì. Ẹ̀gún tó gún jù ni pé káàdì àtijọ́ ti ṣófo. Ó wà nínú àpò, ó ń pe olówó rẹ̀ pé kó wá rajà. Ẹni tó bá dá a lóhùn, gbèsè méjì ni yóò ní dípò ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ káàdì kò kan Ìyá Aláṣọ. Káàdì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bouaké, owó tí wọ́n ti ní nínú báǹkì ló ń ná, kì í yá ènìyàn lówó. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kò mọ ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè kiri, ó sì rí i pé àwọn Faransé ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní ríra gbèsè. Ó tún gbọ́ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó sẹ́fà kan náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fi òdiwọ̀n sí èlé: báǹkì kò gbọdọ̀ kọjá 15 nínú 100 lọ́dún, ilé ìfowópamọ́ kéékèèké kò gbọdọ̀ kọjá 24. Iye yìí sì gbọ́dọ̀ kó èlé àti owó ìwé pọ̀ mọ́ra. Bàbá Koko ń gba 120 nínú 100 lọ́dún.

Ó gba ilé ìfowópamọ́ kékeré kan lọ pẹ̀lú ìwé tó fi ń kọ ọjà rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá a ṣírò rẹ̀. Bó bá yá 600,000 fún ọdún kan ní èlé 2 nínú 100 lóṣù lórí èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú gbèsè, yóò máa san nǹkan bíi 56,700 lóṣooṣù. Lópin oṣù kejìlá, gbèsè ti tán. Gbogbo èlé rẹ̀ kò pé 81,000. Ìyá Aláṣọ ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ibì kan náà ló bọ́ sí. Ìyá náà gbé gèlè rẹ̀ sórí itan, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Owó tó ń gbé lọ fún Bàbá lóṣooṣù, tí kò dín nǹkan kan kù nínú gbèsè, ó ju owó tí yóò fi parí gbogbo gbèsè náà láàrin ọdún kan lọ.

Síbẹ̀, obìnrin ọjà kì í rí ọjà pupa kó má tú u wò lábẹ́. Ó bèèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé orí èwo ni wọ́n ń ṣírò èlé sí, ṣé lórí owó tó kù ni, àbí lórí owó tí a yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá ń gba 2 nínú 100 lóṣù lórí 600,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìka èyí tó ti san sí, 144,000 ni èlé yóò jẹ́. Ẹnu ni wọ́n yóò fi máa pè é ní 24 lọ́dún, ṣùgbọ́n ní tòótọ́ ó ti kọjá 40. Èkejì ni owó ìdógò. Ilé ìfowópamọ́ náà fẹ́ kó kọ́kọ́ fi 120,000 pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn, tí kò ní fọwọ́ kàn títí gbèsè yóò fi tán. Níbo ni yóò ti rí i? Bó bá lọ yá a lọ́wọ́ Bàbá, 12,000 lóṣù ni, 144,000 lọ́dún. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Kò kánjú. Ó ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́kànlá nínú ọjà, oṣù mẹ́rin ló sì kù kó kan òun. Ó dúró. Oṣù mẹ́rin náà ná an ní 240,000 lọ́wọ́ Bàbá, ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n kò fi gbèsè gba ìdógò gbèsè. Nígbà tó kó àjọ, ó fi 120,000 sílẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́, ó sì gba ìwé rẹ̀.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ìṣírò. Lílọ sọ fún Bàbá ni. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó jí lóru nítorí ọmọ rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń yí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Níkẹyìn, ó mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dání àti bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n gba Koko lọ láàárọ̀ kùtù. Ó kúnlẹ̀, ó gbé 600,000 sílẹ̀ pẹ̀lú iṣu méjì àti obì.

Bàbá wo owó náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ìyá Aláṣọ, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn tì, tiyín ló ṣí sílẹ̀. Owó yín ni mo mú wá, pẹ̀lú ọpẹ́."

Bàbá ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí ìwé pé kò kù, àwọn àgbà méjèèjì sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó wá mú obì kan nínú ọpọ́n, ó pa á, ó sì fún un nínú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn òun kò tì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ìdẹwò náà sì ni. Ìyá Aláṣọ mọ èyí, nítorí aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ kan ti ṣe bákan náà ṣáájú rẹ̀. Ó yáwó nílé ìfowópamọ́, ó san ti sọ́gùndógòjì, ara tù ú. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó tún padà lọ yá òmíràn nítorí ìnáwó ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí ilé ìfowópamọ́ ń wá a ni sọ́gùndógòjì náà ń wá a. Ìsọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn lónìí.

Ìyá Aláṣọ kò padà. Ní gbogbo oṣù, 56,700 ń lọ, ó sì ń rí i nínú ìwé bí gbèsè ṣe ń rù. Èyí tó kù nínú 60,000 àtijọ́, sẹ́fà 3,300, ó ń sọ ọ́ sínú kóló fún ọjọ́ tí àìsàn yóò tún kanlẹ̀kùn lóru. Lópin ọdún 2017, ó san èyí tó kẹ́yìn, wọ́n sì dá 120,000 rẹ̀ padà fún un. Ọjọ́ náà, ó gba Koko kọjá lọ kí Bàbá. Kò yá nǹkan kan. Ẹja gbígbẹ ló mú lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ kan lè kà lọ, bóyá ní Lọ́ńdọ̀nù ni tàbí ní Bouaké, ní Èjìgbò tàbí ní Ìbàdàn. Kí ènìyàn tó kó gbèsè rẹ̀ láti ilé olówó kan lọ sí òmíràn, kó ṣírò gbogbo ohun tí ìkó náà yóò ná an, pẹ̀lú owó ìwé àti ìdógò. Kó mọ orí ohun tí wọ́n ń ṣírò èlé sí. Kó mọ ọjọ́ tí ìdẹ̀ra yóò tán, kó sì pín gbèsè náà sí iye oṣù tó wà níwájú rẹ̀. Kó gba ìwé lọ́wọ́ olówó àtijọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, kó ti ilẹ̀kùn ibi tó ti kúrò.

Nítorí pé bí gbèsè bá ṣí nípò, kò tíì tán. Ẹrù tí a gbé kúrò léjìká ọ̀tún sí òsì, ẹrù náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi èjìká tí kò rẹ̀ gbé e, tó sì mọ ibi tí òun fẹ́ sọ̀ ọ́ sí, yóò délé.